Bí Beishe Alágbàtà Ṣe Ra Fóònù Olójú Ńlá

Títí di òní, bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ Beishe ní ìlú wa At-Bashy, ibi tí wọ́n ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ni ọjọ́ tó di Ernis lọ́wọ́ mú nínú ṣọ́ọ̀bù fóònù, tí kò sì jù ú sílẹ̀ títí tíì tí wọ́n gbé wá fún wọn fi tutù, tí wọ́n tún gbé òmíràn wá, tí ìyẹn náà tún tutù. Ibẹ̀ lèmi náà máa ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá rò pé mo ń bù mọ́ ọn, kó lọ bi Ernis léèrè. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, á fi hàn án.

Iṣẹ́ alágbàtà ẹran ni Beishe ṣe láti ìgbà èwe rẹ̀. Ní ọjà ẹran wa, ẹni tó fẹ́ ta ẹṣin àti ẹni tó fẹ́ rà á kì í dá ọ̀rọ̀ náà parí láàárín ara wọn. Alágbàtà ló máa dúró sí àárín wọn. Á fa ọwọ́ ẹni tó ń tà, á fa ọwọ́ ẹni tó ń rà, á pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀ sínú tirẹ̀, á wá máa mì wọ́n sókè sódò, á sì máa pariwo iye owó. Kò ní jù wọ́n sílẹ̀ àfi ìgbà tí àwọn méjèèjì bá gbà. Gbogbo alágbàtà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ Beishe yàtọ̀. Ó tóbi, ó gbóná, ó sì le koko. A mọ àwọn èèyàn tó ta ẹṣin tí wọn kò gbèrò láti tà, kìkì kí wọ́n lè gba ọwọ́ wọn padà.

Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, òun fúnra rẹ̀ ló fẹ́ ra nǹkan. Wàhálà sì nìyẹn, nítorí òfin ọjà ni pé alágbàtà ò gbọdọ̀ ṣe alágbàtà ara rẹ̀. Kí ni Beishe ṣe? Ó mú Kalipa, ìyàwó rẹ̀, dání.

"Ìyá arúgbó yìí ló fẹ́ ra fóònù," ó wí fún Ernis tó ń tajà nínú ṣọ́ọ̀bù náà. "Èmi ò sí nínú ọ̀rọ̀ yín o. Alágbàtà lásán ni mí."

"Èmi kẹ̀?" Kalipa ní. "Èmi tí màlúù ń dúró dè mí nílé?"

"Ṣe jẹ́jẹ́, oníbàárà. Mú ọwọ́ wá."

Kí Ernis tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti wà nínú ọwọ́ Kalipa, ọwọ́ àwọn méjèèjì sì ti wà nínú ti Beishe, wọ́n ń lọ sókè, wọ́n ń bọ̀ nísàlẹ̀. Beishe dárúkọ iye tó wù ú. Iye náà kéré débi pé àwọn tó wọlé wá ra káàdì dúró láti wòran.

"Bàbá, iye rẹ̀ ti wà lára rẹ̀," Ernis wí. Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń gbọ̀n. "Wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn."

"Mo rí i. Ta ló lẹ̀ ẹ́?"

"Àwọn ọ̀gá wa ní Bishkek, ní olú-ìlú, ni."

"Ṣé wọ́n ti rí Kalipa rí?"

"Rárá o, Bàbá."

"Báwo ni wọ́n ṣe wá mọ iye tó máa san?"

Ernis wo ojú gbogbo èèyàn, kò sí ẹni tó gbà á sílẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kò sí lọ́wọ́ mi. Bishkek ló ni ọjà, Bishkek ló dá iye lé e."

"Kò burú," Beishe wí. "Pe Bishkek wá, kó mú ọwọ́ wá."

Bí wọ́n ṣe wà níbẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó ń ta búrẹ́dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù gbé tíì wá, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ní ọwọ́ tó fi máa mu ún. Nígbà tó yá, Kalipa gbè sẹ́yìn Ernis. "Bàbá Mairam, ọmọ ọlọ́mọ yìí ò tíì jẹun láti àárọ̀, mo rí i lójú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n san iye tó ní kí n san."

"Oníbàárà, pa ẹnu dé. Ìwọ lò ń ba ọjà ara rẹ jẹ́."

Níkẹyìn, Ernis yọ díẹ̀ kúrò nínú èrè tirẹ̀. Kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n iye náà ti kúrò níbi tí Bishkek fi í sí, ohun tí Beishe sì ń fẹ́ nìyẹn. Ó jù wọ́n sílẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì nu ojú rẹ̀ wálẹ̀ bí a ṣe ń ṣe tí ọ̀rọ̀ bá parí sí ire, ó súre fún ẹni tó tà, ó súre fún ẹni tó rà, ó sì ní kí Ernis máa bọ̀ nílé òun láti jẹun. Ó pa àgùntàn kan lálẹ́ ọjọ́ náà, ó sì gbé orí rẹ̀ fún Ernis bí àlejò pàtàkì. Owó tí Ernis yọ fún un kò lè ra ẹsẹ̀ kan lára àgùntàn náà. A ti ń wo ọkùnrin yìí láti ọjọ́ pípẹ́, síbẹ̀ ẹnu ṣì ń yà wá.

Ẹ ó bi mí pé kí ni ọkùnrin tó ti ń lo fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì láti ọdúnmọ́dún ń fi fóònù olójú ńlá ṣe. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí. Mairam lorúkọ rẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ ní Yekaterinburg, ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà. Nígbà tí ewé ń wọ́ lọ́dún náà, Mairam bí ọmọbìnrin kan, wọ́n sọ ọ́ ní Sezim. Kò lè gbé ọmọ náà wálé, nítorí bó bá kúrò níbẹ̀ kí ìwé ìgbélùú rẹ̀ tó jáde, wọn ò ní jẹ́ kó padà wọlé.

Ní àkókò yẹn kan náà, dókítà kan ní ìlú Naryn yẹ ojú Beishe wò. Òkùnkùn ń sún láti ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ bọ̀ sí àárín, ó ti dà bí ẹni tó ń wo ìta láti inú ihò kọ́kọ́rọ́. Dókítà ní kí yìnyín orí òkè tó yọ́ tán, ihò náà á ti dí pátápátá, kò sì sí oògùn rẹ̀. Beishe kìlọ̀ fún Kalipa pé kò gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni. Kalipa sọ fún gbogbo wa kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú.

"Mo fẹ́ rí ojú ọmọ yẹn," ó wí fún ìyàwó rẹ̀. "Lẹ́yìn ìyẹn, kí ojú máa lọ síbi tó bá wù ú."

Gbogbo wa la sáré gbé fóònù tiwa wá. Ó wò wá bí ẹni pé a bú u. "Ṣé inú ilé onílé ni mo ti fẹ́ kọ́kọ́ rí ọmọ ọmọ mi?" ó wí. A gbé fóònù wa padà sílé pẹ̀lú ìtìjú.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí alẹ́ tí wọ́n pa àgùntàn. Nígbà tí a jẹun tán, Beishe ní kí wọ́n gbé páálí fóònù náà wá kó ṣí i lójú gbogbo èèyàn. Mo ń wo Ernis. Ó gbá orí àgùntàn rẹ̀ mọ́ra, òógùn sì ń bọ́ lára rẹ̀, nítorí ó mọ ohun tí àwa ò mọ̀: àwọn tó ń ṣe fóònù lóde òní kì í fi ṣájà sínú páálí mọ́. Ó ti rí i pé wọ́n máa tó fa òun lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Beishe gbé fóònù jáde, ó gbé okùn tín-ín-rín kan jáde, ó da páálí délẹ̀, ó gbọ̀n ọ́n. Kò sí nǹkan kan mọ́.

"Ṣájà rẹ̀ dà?" ẹnì kan bi í.

Ernis di ojú rẹ̀. "Bàbá, wọn ò... Bishkek ò fi sí i. Báyìí ni wọ́n ń tà á nísinsìnyí."

Beishe tún wo inú páálí tó ṣófo náà. Lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tàn. "Wọ́n bọ́ okùn ọrùn rẹ̀!" ó pariwo. "Ẹ gbọ́ mi? Wọ́n bọ́ okùn ọrùn rẹ̀!"

Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá ta ẹṣin kì í fi okùn ọrùn rẹ̀ tẹ̀ lé e. Á bọ́ ọ, á mú un lọ sílé, kí oríire agbo rẹ̀ má baà bá ẹṣin náà lọ. Ohun tí Beishe rò pé wọ́n ṣe ní Bishkek nìyẹn. Ó dìde, ó gbá Ernis mọ́ra pẹ̀lú orí àgùntàn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Mo ti ń bú wọn láti àárọ̀," ó wí. "Mo rò pé àwọn ará ìlú ńlá ò mọ àṣà mọ́. Ọmọlúàbí èèyàn ni wọ́n! Wọ́n tọ́jú oríire wọn!"

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," Kalipa wí láti ìdí ìkòkò. "Ẹṣin tí kò ní okùn ọrùn ṣì lè jẹ koríko. Kí ni eléyìí máa jẹ?"

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ernis gbé ṣájà kan wá lọ́fẹ̀ẹ́. Beishe kọ̀ jálẹ̀, ó ní òun ò ní ba oríire Ernis jẹ́. Ó ṣì ń ṣàlàyé lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí Kalipa ti gba ṣájà náà, tó ti kì í bọ ara ògiri, tí iná sì ti ń wọ inú fóònù.

Fóònù ti délé, ṣùgbọ́n fóònù nìkan ò tó. Abúlé Kara-Bulun ni ilé Beishe wà, lẹ́yìn òkè, níbi tí nẹ́tíwọ̀kì máa ń wá tó bá wù ú, tó sì máa ń lọ láìdágbére. Ilé-iṣẹ́ mẹ́ta ni Ernis ń bá ta káàdì. Ó kó ìwé wọn sílẹ̀ fún Beishe, ó ń ka ètò ọ̀kọ̀ọ̀kan fún un: èyí tí ohùn pọ̀ nínú rẹ̀, èyí tí dátà pọ̀ nínú rẹ̀, èyí tó jẹ́ pé lóru nìkan ló dín owó. Beishe gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó mi orí.

"Èwo nínú wọn ló máa dé ilé mi pẹ̀lú àwòrán?"

"Bàbá, gbogbo wọn ló ní àwọn ń dé ibi gbogbo."

"Gbogbo ẹni tó ń ta ẹṣin ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n sáré ká wò ó."

A rò pé eré ló ń ṣe. Lọ́jọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ó kó gende mẹ́ta jọ síwájú ṣọ́ọ̀bù Ernis, wọ́n gun ẹṣin, fóònù sì wà lọ́wọ́ kálukú, ilé-iṣẹ́ kan fún ẹṣin kan. Ernis dúró pẹ̀lú fóònù mẹ́ta lórí tábìlì, àwòrán àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ń hàn lójú wọn. Òfin ìdíje náà rọrùn: kí wọ́n gun ẹṣin lọ sí Kara-Bulun, kí wọ́n máa sọ ohun tí wọ́n ń rí, ẹni tí àwòrán rẹ̀ bá kú ti jáde. Kalipa ń dúró dè wọ́n nílé pẹ̀lú igbá wàrà ẹṣin kíkan fún ẹni tó bá borí. Ìlú dà jáde. Àwọn kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta tẹ́tẹ́ kí ẹṣin tó gbéra.

Ti àkọ́kọ́ kú lórí afárá. Gende náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ pé, "Mo rí afárá, mo ti wà lórí..." nígbà tí ojú rẹ̀ dì, tí ẹnu rẹ̀ ṣì là sílẹ̀. Beishe fi fìlà kalpak rẹ̀ bo fóònù náà. Èkejì rìn dáadáa ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó kọjá afárá, ó gun òkè, ó dé itẹ́ òkú, níbẹ̀ ni ohùn rẹ̀ gé, tí àwòrán rẹ̀ sì parẹ́.

"Ibi tó yẹ ló kú sí," Beishe wí.

Ẹ̀kẹta ń lọ. Ó kọjá itẹ́ òkú, ó yí ẹ̀yìn òkè, àwòrán rẹ̀ ń já, ó ń padà. Gbogbo ọjà ń na ọrùn. Beishe gbé fóònù náà sún mọ́ imú rẹ̀ nítorí ojú rẹ̀, ó ń sọ fún un ní jẹ́jẹ́ pé, "Máa bọ̀, máa bọ̀," bó ṣe máa ń bá ẹṣin sọ̀rọ̀ tó bá ń sọdá odò. Lójijì, Kalipa yọ lójú fóònù pẹ̀lú igbá lọ́wọ́, ó ń wo inú fóònù gende náà bí ẹni ń wo inú kànga. "Bàbá Mairam," ó wí, "ẹ ò ní wálé ni? Oúnjẹ ti tutù." Ariwo tó sọ lójú ọjà lọ́jọ́ náà, mi ò tíì gbọ́ irú rẹ̀ níbi ìgbéyàwó rí.

Ètò ilé-iṣẹ́ kẹta yẹn ló wọ́n jù nínú gbogbo wọn. Beishe ná an dé ibi tó lè ná an dé. Kò sí ẹni tó lè dín in kù, nítorí inú ẹ̀rọ ni wọ́n ń sanwó sí, ẹ̀rọ ò sì ní ọwọ́ tí wọ́n lè fà. Ó gba kàlẹ́ńdà kan lọ́wọ́ Ernis dípò rẹ̀. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, ó tún ná an, ó gba ìbọ̀wọ́ Ernis lọ.

Ìpè àkọ́kọ́ tó fi pe Mairam ni mo fẹ́ sọ báyìí, èmi náà wà níbẹ̀. Yìnyín ti bo ilẹ̀. Ilé kún, a ti bọ́ bàtà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kálukú ń wá ibi tí ọrùn rẹ̀ máa gbà wọlé. Wọ́n gbé fóònù ti ìkòkò tíì lórí tábìlì kékeré. Mairam yọ.

"Bàbá mi, ṣé ẹ ń rí mi?"

"Mò ń rí ẹ. O ti rù."

"Mi ò rù, Bàbá. Bí fóònù ṣe ń gbé mi nìyẹn."

"Má bú fóònù mi."

Mairam rẹ́rìn-ín, ó nu ojú. "Ẹ dúró, ẹ jẹ́ kí n gbé e wá." Ó yí fóònù sí ibi tí ọmọ náà wà. Lẹ́sẹ̀ kan náà, Beishe fa kalpak rẹ̀ wálẹ̀ bo gbogbo ojú rẹ̀ títí dé àgbọ̀n.

"Má fi hàn mí!" ó pariwo láti abẹ́ fìlà. "Mairam, má fi hàn mí!"

A rò pé àyà rẹ̀ ló já. Àwọn obìnrin ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ẹkún. Kalipa nìkan ló mọ ohun tó ń ṣe é. "Ẹ̀bùn ìwojú ni," ó wí, ó sì fi ọwọ́ lu itan rẹ̀. "Kò fẹ́ wo ọmọ náà lọ́wọ́ òfo."

Òótọ́ ni. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá fẹ́ kọ́kọ́ wo ojú ìyàwó tuntun tàbí ọmọ tuntun gbọ́dọ̀ fi nǹkan lélẹ̀ kó tó wò ó. Ta ló wá rántí ìyẹn níwájú fóònù? Gbogbo wa la ti wo ọmọ náà ní àwòyó, láìfi nǹkan kan lélẹ̀, bí olè.

"Rọ́ṣíà ló wà!" Kalipa wí. "Ibo lẹ máa fi ẹ̀bùn náà sí? Inú ìkòkò tíì?"

Beishe dìde pẹ̀lú fìlà lójú, ó ń fọwọ́ wá ògiri, ó tẹ ẹsẹ̀ mi, ó tẹ ẹsẹ̀ ẹlòmíràn, ó jáde sínú òtútù láìwọ bàtà.

"Bàbá Mairam! Nẹ́tíwọ̀kì ò ní dúró dè yín o!"

Bó sì ṣe wí náà ló rí. Beishe ò tíì padà nígbà tí àwòrán inú fóònù dì. Kìkì etí aṣọ ìbora kan ló kù níbẹ̀, kò gbọ̀n, kò mì. A pe Mairam, kò dáhùn. Bí Beishe ṣe wọlé padà nìyẹn, pẹ̀lú yìnyín lẹ́sẹ̀, fìlà ṣì wà lójú rẹ̀, ó sì gbé abo ọmọ àgùntàn kan mọ́ àyà. Òtútù ni wọ́n bí i sí, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò tíì dúró dáadáa. Ó jókòó síwájú fóònù, ó gbé ẹran náà sókè.

"Sezim ló ni eléyìí," ó wí. "Òun àti gbogbo ohun tó bá bí. Ṣé ó ti rí i?"

Kò sí ẹni tó lè sọ fún un pé àwòrán ti kú. A jókòó bẹ́ẹ̀. Ọmọ àgùntàn náà ń ké. Ọwọ́ Beishe ò sọ̀ kalẹ̀, kò sì ṣí ojú. Mo rántí ohun tí dókítà wí, inú mi bàjẹ́, inú sì bí mi sí i. Mo ń sọ lọ́kàn mi pé, ọkùnrin yìí, ṣí ojú rẹ kí o wo ìwọ̀nba tó kù, ta ló ń bèèrè ẹ̀bùn lọ́wọ́ rẹ?

Lẹ́yìn náà, ohùn Mairam padà dé. "Bàbá? Bàbá mi, ọmọ àgùntàn ta nìyẹn?"

"Tirẹ̀ ni. Ṣé ó ti rí i?"

"Ó ti rí i, Bàbá. Ó ń wò ó. Ó fẹ́ fọwọ́ kàn án."

Ìgbà yẹn ni Beishe tó ṣí fìlà. Ó gbé fóònù náà, ó fà á mọ́ra títí ó fi kan imú rẹ̀, ó ń yí i díẹ̀díẹ̀, ó ń wá ojú ọmọ náà láti inú ihò kékeré tó ṣẹ́ kù fún un. Nígbà tó rí i, ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Imú ìyá mi nìyí," ó wí.

Ọ̀rọ̀ tó sọ mọ nìyẹn. Ó wò ó títí dátà fi tán. Èmi tí mo ti gbọ́ ariwo ọkùnrin yìí ní gbogbo ọjọ́ ayé mi, mi ò mọ̀ pé ó lè dákẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù Ọlọ́run bà mí.

Ó ń wò ó lójoojúmọ́ ní gbogbo ìgbà òtútù yẹn. Dókítà ò purọ́. Nígbà tí yìnyín yọ́, tí odò tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn, ihò náà dí.

Ernis ló sọ èyí tó kù fún wa. Ó ní lọ́jọ́ kan, Kalipa fa Beishe ní apá aṣọ wọ ṣọ́ọ̀bù láti wá sanwó ètò oṣù tuntun. Ernis ti múra sílẹ̀ pé Beishe á ná an bí ìṣe rẹ̀, ó ti wá àpò kékeré kan tó máa fún un. Ṣùgbọ́n àánú ṣe é, ó sì ti ro ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ láti ilé.

"Bàbá," ó ní, "ètò mìíràn wà. Ohùn nìkan ló wà nínú rẹ̀, kò sí àwòrán. Owó rẹ̀ kò tó ìdajì eléyìí. Ẹ máa gbọ́ ọmọ náà kedere. Nígbà tó jẹ́ pé ẹ ò..."

"Nígbà tó jẹ́ pé mi ò ríran mọ́. Sọ ọ́, ọmọ mi. Kì í ṣe èébú."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Kí lẹ tún fẹ́ fi àwòrán ṣe?"

"Òun ńkọ́?"

"Ta ni?"

"Sezim. Ṣé ojú tirẹ̀ náà ti fọ́ ni?"

Ernis rọra gbé àpò kékeré náà sílẹ̀.

"Èmi ò rí i mọ́," Beishe wí. "Òun ṣì ń rí mi."

Ó yọ owó jáde, iye tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri gan-an. Ernis ní òun fúnra òun lòun wá fẹ́ yọ díẹ̀ nínú rẹ̀, òun tiẹ̀ ti na ọwọ́ sí i pé kó mì ín bó ṣe ń ṣe. Beishe kọ̀. "Èyí ò ṣe é ná," ó wí. Láti oṣù yẹn títí tó fi kú, ó ń san án pé, kò sì gba nǹkan kan lé e.

Kí wọ́n tó pe Mairam nírọ̀lẹ́, á ní kí Kalipa fọ ojú òun, kó ya irùngbọ̀n òun, kó wá kalpak funfun tí òun ń wọ̀ lọ sóde wá. Kalipa á gbá àgbọ̀n rẹ̀ mú, á yí ojú rẹ̀ sí ọ̀gangan fóònù. "Ibí ni, Bàbá Mairam. Ẹ má wo ògiri." Á wá jókòó síbẹ̀, ọkùnrin tí kò rí nǹkan kan, á máa ya ẹnu, á máa yí ojú, á máa fi etí ṣeré fún ọmọ tó wà ní Rọ́ṣíà, títí ọmọ náà á fi máa kígbe ẹ̀rín.

Ó lò tó ọdún mélòó kan bẹ́ẹ̀, ó sì sùn láìjí. Ìwé Mairam ti wá jáde nígbà náà. Ó gbé Sezim wá síbi òkú bàbá rẹ̀. Wọ́n ti pa àgọ́ ọ̀fọ̀, àwọn obìnrin wà nínú rẹ̀, wọ́n ń sun rárà ẹkún. Àwa ọkùnrin jókòó síta. Ọmọ náà ò mọ ẹnikẹ́ni nínú wa. Ó dúró láàárín wa pẹ̀lú súìtì kan tó fi ọwọ́ méjèèjì dì mú.

Ọ̀kan nínú àwọn àgbà ọjà ẹran fẹ́ dá a lára yá. "Ọmọ mi," ó ní, "ṣé o ò ní fún mi ní súìtì yẹn, kí n fún ẹ ní òkúta yìí?"

Sezim wo òkúta náà. Ó di ojú kan, ó sún ètè rẹ̀ síwájú, ó sì yí orí sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni pé nǹkan ń rùn. Kò sí ẹni tó ta ẹran rí ní At-Bashy tí kò mọ ojú yẹn. Ojú tí Beishe máa ń ṣe nìyẹn tí wọ́n bá kọ́kọ́ dárúkọ iye owó fún un. Ọmọ yìí ò gun itan rẹ̀ rí. Kò fọwọ́ kan irùngbọ̀n rẹ̀ rí.

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín, ni gbogbo wa bá bú sẹ́rìn-ín nílé òkú, àwọn arúgbó onírùngbọ̀n funfun, à ń rẹ́rìn-ín, omijé ń bọ́. Kalipa já jáde nínú àgọ́, ìbínú wà lójú rẹ̀.

"Ṣé ojú yín ti fọ́ ni? Ṣé ibi tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín nìyí?"

Ernis na ìka sí ọmọ náà. Sezim ò tíì yí ojú padà, ó ṣì ń wo òkúta, kò tíì gbà.

Kalipa rí i. Ó rọra kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ lórí koríko, ó gbá àgbọ̀n rẹ̀ mú.

"Tún un ṣe," ó wí. "Tún un ṣe fún mi."

Ọmọ náà sì tún un ṣe.